Alága Tó Ní Òun Ni Wọ́n

Wọ́n ti yọ Alága ìjọba ìbílẹ̀ nípò. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, lójú àwọn oníròyìn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. "Wọ́n" tí a fi bẹ̀rẹ̀ yìí, àwọn káńsẹ́lọ̀ ni a ń bá wí. Ó yẹ ká tètè là á mọ́lẹ̀, nítorí àìla ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ ló fa gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Wọn kò fi ẹ̀sùn olè kàn án. Kò lu ẹnikẹ́ni, kò sì sá lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé e ṣubú, ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí kò tíì wọ iléèwé ń sọ láìmọye ìgbà kó tó jẹun ọ̀sán.

Alága fẹ́ràn ọ̀wọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ẹran. Àga ọ́fíìsì rẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Àpótí kan wà lábẹ́ tábìlì tó ń gbé ẹsẹ̀ lé, aṣọ àdìrẹ sì bò ó kí àlejò má bàa rí i. Ní ti àga àwọn àlejò, káfíńtà ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ wọn kúrú. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, á sì máa wo Alága bí ẹni ń wo òrùlé tó ń jò. Èèyàn gbọ́dọ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, kó tún kí i láàárín kápẹ́ẹ̀tì, kó sì kí i lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó jókòó. Ẹni tó bá kí i lẹ́ẹ̀kan péré, Alága gbà pé onítọ̀hún bú òun ni.

Ó ní olùdámọ̀ràn pàtàkì kan lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Àtẹ́wọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀ lẹ́nu Alága, ọwọ́ Àtẹ́wọ́ á ti pàdé ara wọn. Kò nílò àtigbọ́ ohun tí Alága sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń dúró dè.

Ẹ ó kíyè sí i pé "ó" la ń pe Alága nínú ìtàn yìí. Ẹ má bínú. Ìwé lẹ ń kà, kì í ṣe pátákó oníná. Òfin rẹ̀ kò dé ibí.

Òfin náà bẹ̀rẹ̀ láti inú oorun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Alága sùn lọ ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, iná ojú pópó sì dá wọn dúró ní oríta ńlá. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ rí ni pátákó oníná ńlá tó wà lára ilé àwọn tó ń ta fóòmù. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó ń tàn yanran: "Dìde. Fóòmù rẹ ti gbó. Wá ra tuntun."

Alága wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?" ló bi awakọ̀ rẹ̀.

"Ta ni, sà?"

"Pátákó yẹn."

"Kò bá ẹnì kan pàtó sọ̀rọ̀, sà. Gbogbo ayé ló ń bá wí."

"Ṣé èmi náà wà lára gbogbo ayé?"

Awakọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ̀ pé kò sí èsì tí òun lè fọ̀ sí ìbéèrè yẹn tí òun á ṣì níṣẹ́ lọ́la. Ó fọn fèrè mọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohunkóhun níwájú wọn.

"Ó ní 'dìde'," Alága ń tẹnu mọ́ ọn. "Kò ní 'ẹ dìde'. Ó ní 'wá'. Ó tún ní 'fóòmù rẹ'. Ta ló bí pátákó? Ọdún mélòó ni pátákó fi dàgbà jù mí lọ?"

Nígbà tí wọ́n fi dé ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ràn ìlú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Alága fi dúró níwájú àwọn káńsẹ́lọ̀, tó sì sọ̀rọ̀ tó ju ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ̀ lọ ní gígùn.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá," ló wí, "ìmọ́lẹ̀ ti dé sí ìgboro wa, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé sọ́nà. Ohun tí a fi ìṣó kàn mọ́ ògiri ń pè mí ní ìwọ. Ohun tó jẹ́ pé bí a bá yọ wáyà rẹ̀ báyìí, ó dákẹ́, ó ń pàṣẹ fún èmi tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ wáyà mi. Àwọn baba wa kò rí pátákó oníná. Ká ní wọ́n rí i ni, wọn ì bá ti na án."

Àtẹ́wọ́ pàtẹ́wọ́ sí "ìmọ́lẹ̀", ó pàtẹ́wọ́ sí "wáyà". Nígbà tí Alága dúró díẹ̀ láti wú ikọ́, ó pàtẹ́wọ́ sí ikọ́ náà.

Báyìí ni Òfin Ẹ̀kọ́ Ilé fún Pátákó Oníná ṣe wáyé. Láti ọjọ́ náà lọ, pátákó kankan kò gbọdọ̀ pe ènìyàn ní ìwọ. Pátákó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àwọn tó ń kọjá, bí àsìkò bá ṣe rí, kó tó dárúkọ ọjà. Bí mọ́tò Alága bá ń kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó wà níbẹ̀ títí mọ́tò tó kẹ́yìn á fi lọ. Ìkúnlẹ̀ pátákó ni wọ́n pe ìyẹn. Àwòrán kankan kò sì gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ojú ọ̀nà tí Alága ń gbà.

Àtẹ́wọ́ ló mú abala tó kẹ́yìn wá.

"Ọlọ́lá jùlọ, bí pátákó bá fẹ́ ròyìn yín ńkọ́? Ṣé 'ó' ló máa pè yín? 'Ó ti ṣí ọ̀nà tuntun,' bí ẹni pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ṣí i?"

Ara Alága bù máṣọ. "Wọ́n ni kó pè mí."

"Mo gbà, sà. Àmọ́ mánéjà báńkì náà, wọ́n ni wọ́n ń pè é. Dókítà náà, wọ́n ni."

Alága ronú. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ náà á rò pé ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ló ń rò. Ní ìkẹyìn, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Níbikíbi tí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n, bá ti jáde lójú pátákó oníná, tí kò sì sí orúkọ tàbí àwòrán ẹlòmíràn níwájú rẹ̀, Alága ni. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlòmíràn."

Káńsẹ́lọ̀ kan, ìyá tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé 'wọ́n ń ta ẹja níbí' ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ta ẹja ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n rí i pé Alága kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì padà wọ ẹnu tó ti jáde.

"Ìyá," Alága dáhùn, "ẹni tó bá ń ta ẹja, kó kọ orúkọ ara rẹ̀." Ó fọwọ́ sí i.

Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìlú gbọ́ràn. Redio ìjọba ìbílẹ̀ ń ka òfin náà láàárọ̀, ó ń kà á lálẹ́, títí àwọn ọmọdé fi mọ abala tó kẹ́yìn lórí bí orin eré. Pátákó ilé oògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn èèyàn: ẹ káàárọ̀, ẹ kú òwò, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ṣé àlàáfíà ni, iná á ti dá mọ́tò dúró, á sì ti tún tú wọn sílẹ̀, kí ó tó kan orúkọ oògùn ikọ́. Gbogbo àwọn arẹwà tó wà lára pátákó báńkì dojú kọlẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́. Bí Alága bá sì ń kọjá, gbogbo ọ̀rọ̀ ìgboro á ṣubú sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà á gun orí lẹ́tà. Alága á rọra mi orí, á ní ìlú ti ń gbọ́n.

Ìwé ìpè sì dé láti ilẹ̀ òkèèrè kan, níbi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe àpérò lórí pátákó oníná. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ó rán kóòtù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbẹ̀.

Ibi tí nǹkan dé nìyí kí ọ̀rọ̀ Ìyá Eku tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Eku ní ilé ìtajà kékeré kan níbi tí oríta ti yà. Oògùn eku ló ń tà, àti ti aáyán, àti ti kòkòrò inú ibùsùn. Pàkúté irin so rọ̀ láti òkè àjà. Páálí oògùn aláwọ̀ búlúù àti pupa tò sórí pẹpẹ. Káfúrà wà nínú ike, òórùn rẹ̀ sì ti wọ aṣọ rẹ̀ débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń mọ̀ pé ó ti dé kó tó kanlẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ibẹ̀ ni gbogbo ilé ń jẹ. Àsìkò òjò ni eku ń sá wọlé, àsìkò òjò náà ni ó máa ń rí ohun tó fi ń rán àwọn ọmọ lọ sí iléèwé títí ọdún á fi yí. Ọjà òjò ti kún ilé ìtajà náà dé ẹnu ọ̀nà.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ló bá a to pátákó oníná kan tí kò ju ilẹ̀kùn lọ, tó gbé e síwájú ilé ìtajà. Àwòrán eku ńlá kan ló wà lára rẹ̀, ó nàró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ègé búrẹ́dì mú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá wò ó.

"Eku yìí ń wo ojú ọ̀nà Alága," olórí wọn wí.

"Eku ni, ọ̀gá," àbúrò ọkọ dáhùn. "Kò mọ Alága."

"Òfin ní àwòrán kankan."

"Ṣé kí n yí ojú rẹ̀ sí ògiri?"

Òṣìṣẹ́ náà rò ó wò. "Ìdí rẹ̀ ló máa wá kọ sí Alága. Ẹ yọ ọ́."

Wọ́n yọ eku. Ọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Ìyá Eku fúnra rẹ̀ ló tún un kọ, ó fi ìkíni sí i, ó fi "ẹ" síbi tó yẹ, ó rí i dájú pé kò sí ìwọ kankan níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ohun tí oríta rí nìyí: "Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ṣé wọ́n ti wọ ilé yín? Ṣé wọ́n ń jẹ oúnjẹ yín, tí wọ́n tún ń yàgbẹ́ síbẹ̀? Ẹ wọlé wá, a ní oògùn wọn."

Ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ dúró. Ó kà á, ó tún un kà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹni kejì bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ fi abala tó kẹ́yìn nínú òfin kà á." Láàárín àkókò díẹ̀, ẹsẹ̀ ti kún oríta. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni ń dáhùn àdúrà: ẹnì kan á ní "Ṣé wọ́n ti wọ ilé yín?", àwọn yòókù á ní "Alága ni."

Àsìkò yẹn ni mọ́tò Alága dé. Òfin mú kí ọ̀rọ̀ pátákó náà wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé ó wálẹ̀ sí ojú fèrèsé mọ́tò gan-an. Alága kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àtẹ́wọ́ dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ àti àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun.

"Ìyá, ta ni wọ́n?" ló bi í.

"Eku ni, ọmọ mi."

"Níbo ni eku wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká yọ ọ́. Ẹ ní ó ń wojú Alága."

"Torí náà, kò sí eku níbẹ̀."

"Kò sí mọ́."

"Ẹni tó wá ṣẹ́ kù níbẹ̀, òfin ti sọ ẹni tó jẹ́."

"Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́ o," Ìyá Eku wí. "Gbogbo ayé ń gbọ́. Oògùn tí mo kó wá sí ọ́fíìsì yín lóṣù tó kọjá, ta ni ẹ rà á fún?"

Àwọn tó dúró hó. Àtẹ́wọ́ ti ilẹ̀kùn. Òjò bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ọjà òjò sì wà nínú ilé tí wọ́n tì pa. Ìyá Eku jókòó sí abẹ́ ìbòrí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo àwọn oníbàárà tó ń dé tí wọ́n ń padà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí wọ́n ṣí ilé ìtajà òun kí òjò tó dá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù ní ìlú náà tó ń pe Alága ní ìwọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, tó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà kan rí, Alága rán ìyàwó rẹ̀ sí i pé bóyá níwájú àlejò, ó lè máa fi "ẹ" díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi tí mo fọ ìdí rẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, ó wá sílé Alága.

"Sọ pé eku ni," ó wí kó tó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ òfin."

"Mo mọ eku. Sọ pé eku ni, kí obìnrin yẹn lè máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kí ìwọ náà lè máa lọ sí òkèèrè rẹ."

"Bí mo bá ní eku ni, òfin kú nìyẹn."

"Kó kú. Ìwọ ò ní kú."

"Ẹ fẹ́ kí èmi àti eku jọ máa jẹ́ wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n dìde. "O ti jẹ́ ìwọ tẹ́lẹ̀," ó wí, "kò sì pa ọ́." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Ilé ẹjọ́ kún. Àga tí wọ́n fún Alága kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo àlejò tó dé láìròtẹ́lẹ̀. Obìnrin ni adájọ́. Ó ka òfin, ó wo àwòrán pátákó, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Alága, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Wọ́n tó wà níbí, ta ni?"

Agbẹjọ́rò ìjọba ìbílẹ̀ fò dìde.

"Ẹ jókòó, agbẹjọ́rò. Ẹ̀yin kọ́ ni mo bi. Alága, bí ẹ bá ní eku ni, kò sí ẹni tó bú yín. A ó ṣí ilé ìtajà obìnrin yìí, gbogbo wa á sì lọ sílé."

"Eku, sà," agbẹjọ́rò ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ṣáà sọ pé eku."

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún Alága. Ó rí ọ̀nà àbáyọ. Ó tóbi, wọ́n ti ṣí i sílẹ̀ fún un, ẹni mẹ́ta ló sì ti tọ́ka sí i. Ohun tó dí i lọ́wọ́ ni pé ó ní láti tẹríba díẹ̀ kó tó lè gbabẹ̀ kọjá.

Ó dìde. "Oníyì adájọ́, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ náà. Mi ò ní pín in pẹ̀lú eku. Èmi ni wọ́n."

Adájọ́ mú kálàmù. "Ẹ̀yin ni wọ́n tó ń wọ ilé àwọn èèyàn?"

"Èmi ni wọ́n."

"Ẹ̀yin ni wọ́n tó ń jẹ oúnjẹ wọn?"

"Níbikíbi tí wọ́n bá ti jáde, Oníyì, èmi ni."

"Tí wọ́n tún ń yàgbẹ́ síbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ dákẹ́ lẹ́nu Alága. Àtẹ́wọ́, tó jókòó lẹ́yìn, tó sì ti fi ọdún pípẹ́ dúró de irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, pàtẹ́wọ́. Ó pa á tán kó tó mọ̀.

Ó pẹ́ kí ilé ẹjọ́ tó rọlẹ̀. Adájọ́ fúnra rẹ̀ wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè kojú àwọn èèyàn.

"Obìnrin yìí kò bú Alága," ó wí. "Ohun tí òfin sọ ló kọ, Alága sì ti jẹ́rìí sí i. Kí wọ́n lọ ṣí ilé ìtajà rẹ̀ lónìí."

Ìyá Eku nawọ́ sókè. "Ẹ ṣeun, Oníyì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n tó máa ṣí i?"

Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Alága ti sọ fún ilé ẹjọ́ yìí pé òun ni. A ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Nítorí náà, Alága ló lọ ṣí i. Agbádá rẹ̀ balẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ oríta, òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́, kọ́kọ́rọ́ há sínú àgádágodo, ó sì ní láti lò ó síwá sẹ́yìn. Ìyá Eku fúnra rẹ̀ ló gbé agbòjò bò ó. "Ẹ rọra, sà," ó ń wí, "ẹ yí i sí ọ̀tún." Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tajà.

Ẹ lè rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Àwọn oníṣòwò kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ohun tí adájọ́ kò wọ́gi lé ṣì jẹ́ òfin, wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìlú tó ń pa òfin mọ́. Ẹni tó ń ta kọ́kọ́rọ́ kọ ọ́ sójú pátákó pé: "Ẹ káàbọ̀ o. Wọ́n ti jí ẹrù yín gbé rí? Ẹ wá ra tiwa." Àwọn tó ń ta fóòmù, àwọn tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, kọ tiwọn: "Ẹ kúulé o. Wọ́n kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn." Ẹni tó ń fọ ihò omi ìdọ̀tí kò tilẹ̀ ní pátákó tẹ́lẹ̀, ó lọ rà á nítorí ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," pátákó rẹ̀ ń wí, "wọ́n ti dí yín pa? A ó fà wọ́n jáde." Gbogbo rẹ̀ ló ń kí èèyàn kó tó sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń kúnlẹ̀ bí Alága bá ń kọjá.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó pa abala kan yẹn rẹ́. Ó ní àwọn tó ń kọ ọ́ ń bọlá fún òun láìmọ̀. Ó ní lójoojúmọ́, gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ nípa òun. Èyí jẹ́ òótọ́.

Àwọn káńsẹ́lọ̀ pe ìpàdé. Alága kì í ka ìwé ìpè fúnra rẹ̀. Àtẹ́wọ́ ló ń kà á fún un, ó sì máa ń yọ ohun tí kò dùn kúrò. Nígbà tó ka èyí tán, ohun tó ṣẹ́ kù ni pé àwọn káńsẹ́lọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí lílọ Alága. Inú Alága dùn. Ó wọ kóòtù ìrìn àjò rẹ̀ tuntun wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà láàárín àwọn èrò ìwòran, àpò rẹ̀ lórí ẹsẹ̀.

Ìyá nọ́ọ̀sì ló dìde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.

"A ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo dábàá pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n máa lọ."

Olórí ilé ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ ní, "Ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí wọ́n máa lọ, kó nawọ́ sókè."

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ lọ sókè ni ti Alága. Ti àwọn yòókù tẹ̀ lé e, títí kan igbákejì rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ dákẹ́, Àtẹ́wọ́ sì pàtẹ́wọ́.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín," Alága wí. "Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dàrú. Mi ò ní pẹ́ padà."

"Ẹ ò ní padà, sà," ìyá nọ́ọ̀sì wí.

"Báwo?"

"A ò sọ̀rọ̀ ìrìn àjò. Ipò yín là ń wí."

"Ta wá lẹ ní kó máa lọ?"

"Wọ́n," ìyá nọ́ọ̀sì dáhùn, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ìgbà tó ń fún aláìsàn lábẹ́rẹ́. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ẹni tó jẹ́."

Alága ní kí wọ́n tún ìbò náà dì. Olórí ilé ní kò ṣeé ṣe, pé bí a bá yọ ọwọ́ Alága kúrò, ìbò náà ṣì pé. Alága ní òun kò ní kúrò lórí àga. Ó jókòó, ó di apá àga mú. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ń wo ara wọn. Àwọn oníròyìn gbé ẹ̀rọ sókè. Kò sí ẹni tó mọ irú gbólóhùn tí a fi ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò ńlẹ̀, nítorí gbogbo gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ ló ní ìkíni níwájú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọra kọjá láàárín àwọn èèyàn títí tó fi dé iwájú rẹ̀.

"Dìde," ó wí.

Alága wò ó.

"Kóòtù rẹ ti rún. Wá, ká máa lọ sílé."

Ó dìde, ó sì bá a lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé kò bi í léèrè ibi tí "ẹ" wà.

Àwòrán eku ti padà sójú pátákó Ìyá Eku, ó sì tẹjú mọ́ títì. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní iléèwé. Igbákejì ti di Alága. Ó ti jókòó sórí àga gíga náà, ó sì ti béèrè àpótí tó wà lábẹ́ tábìlì. Àtẹ́wọ́ ni olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìròyìn. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Alága tuntun léèrè nípa Òfin Ẹ̀kọ́ Ilé, ó ní òun ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Títí di àsìkò tí a kọ èyí, wọn kò tíì pa abala tó kẹ́yìn rẹ́.